Ọjọ́ Mọ́kànlá Láì Dáná ní Bódìjà

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹfà ni páìpù abẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná wa bẹ́. A ò tètè mọ̀. Ohun tí a rí ni pé táìlì mẹ́ta wú sókè, omi sì ń sun jáde láàárín wọn díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, púlọ́ńbà ti fi òòlù fọ́ ìdajì ilẹ̀ náà, ó ti tú síǹkì, ó ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù síta, ó ní kí a fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a lò.

Àwa mẹ́rin là ń gbé ilé náà: èmi, ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lásìkò yẹn, àti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá ìyàwó mi dé bá wa lọ́jọ́ kẹfà láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò mọ̀ pé ilé ìdáná ọmọ òun ti di kòtò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Bódìjà láti Èkó ni, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, a ò sì tíì ra oúnjẹ lóde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ìyàwó mi ló ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí a bá rà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọ́ o. Owó oúnjẹ òde kì í dún tó bá ń jáde lápò." Mo mú ìwé kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ò kọ tán, mo fa ìlà sí i: ohun tí a rà, ibi tí a ti rà á, iye rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni mo tún fa ìlà kan sí i, mo kọ "agogo" sórí rẹ̀. Ìlà agogo yẹn ló sọ ìwé ìnáwó di ohun tí ẹ ń kà yìí. Iye náírà nìkan ni mi ò ní kọ síbí; kí ẹ tó kà á parí ni yóò ti yí padà.

Bódìjà kì í ṣe àdúgbò tí oúnjẹ ti ń ké pe èèyàn. Ẹ lọ sí Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba, èéfín ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ní Bódìjà, fẹ́ǹsì, géètì àti igi máńgòrò lẹ máa rí. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe pírémíà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tó ń kọ́ ilé sílẹ̀, ní 1958, Bódìjà àtijọ́ sì wà lára iṣẹ́ tí àjọ náà kọ́kọ́ ṣe: wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n la títì, wọ́n kọ́ ilé tó ní ọgbà. Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wà lápá òkè rẹ̀. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, wà lápá ìsàlẹ̀. Sẹkitéríàtì, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, ò sì jìnnà. Òṣìṣẹ́ ìjọba, dókítà, olùkọ́ àgbà ló ń gbé ibẹ̀, irú àwọn tó ń ní ẹni tó ń dáná fún wọn nílé. Bódìjà tuntun tẹ̀lé e, ọjà sì dé ní 1987. Ẹni tó bá ń wá oúnjẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí fẹ́ǹsì ti já: ẹnu oríta, iwájú géètì onílé tó ti darúgbó, gáréèjì tí kò sí mọ́tò nínú rẹ̀ mọ́. Èmi ò mọ ìkankan nínú wọn nígbà tí mo jáde lálẹ́ ọjọ́ kìíní.

Nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo kó àwọn ọmọ jáde. Ìbàdàn la wà, àmàlà la fẹ́ jẹ, kí ló tún kù? Ní ibi àkọ́kọ́, mo bá ìyá kan tó ń ha ìdí ìkòkò, ọmọbìnrin méjì ń gbálẹ̀, wọ́n ti da bẹ́ǹṣì dé orí tábìlì.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Àmàlà ńkọ́?"

Ìyá náà gbójú sókè, ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Àmàlà ti lọ sùn. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Òpópónà ẹ̀yìn níbí là ń gbé, Mà."

"Mo mọ̀, mo ń rí yín. Níbo lẹ ti kó wá?"

Mo ní Èkó ni. Ó mi orí, ó tún bẹ ìkòkò lórí mọ́lẹ̀, ó ń ha á lọ.

Ibi kejì náà ti tán. Ní ibi kẹta, ewédú nìkan ló kù, kò sí ohun tí a ó fi ewédú jẹ. Màí ṣáì ló gbà wá kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń gbé tíì láti kọ́ọ̀pù kan sí ìkejì, tíì náà gùn bí okùn láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn ìbejì sì dúró tì í bí ẹni ń wo pidánpidán. A jẹ burẹ́dì àti ẹyin díndín, a sì tún bẹ̀ ẹ́ kó se indómì méjì. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Wọn ò dárúkọ indómì, àmọ́ mo mọ ibi tí ì bá bọ́ sí.

Mo fi ìbínú sùn lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Bódìjà: kò sí oúnjẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ṣí géètì fún púlọ́ńbà ni òórùn àlùbọ́sà nínú òróró gbígbóná wọ̀ mí nímú. Ẹnu oríta wa, abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí mo máa ń wa mọ́tò gbà kọjá lójoojúmọ́, ìyá alákàrà kan wà níbẹ̀, èèyàn bí mẹ́jọ sì tò sí i. Àṣé ó ti ń dín àkàrà níbẹ̀ kí a tó kó dé. Aago mẹ́jọ kọjá ni mo máa ń jáde nílé, mo máa ń bá wọn nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n palẹ̀ mọ́, n kì í sì í wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Mo dúró wò ó. Ẹ̀wà ti kúnná, ó wà nínú ike ńlá, ó sì fi ọmọ-orógùn pò ó, ó pò ó, ó pò ó, títí ó fi fúyẹ́ tó sì funfun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó da ata àti àlùbọ́sà sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dà á sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àlùbọ́sà máa ń jẹ́ kó ṣomi, Sà. Tó bá ti ṣomi, á kàn tẹ́ pẹẹrẹ nínú òróró ni. Tí ẹ ò bá sì pò ó dáadáa, òkúta lẹ máa gbé jẹ." Mo ra ogún, burẹ́dì olóyinbó gígùn kan, àti ògì gbígbóná nínú ọ̀rá. Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé bá a lórí tábìlì. Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ mẹ́rin.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oríta náà, nítorí ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ má baà sá lọ. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìyá alákàrà palẹ̀ mọ́, ó gbá ìdí igi náà mọ́ tónítóní, àmọ́ kò pa iná rẹ̀. Ó kàn fi àwo irin kan dé ẹ̀yinná náà ni. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, obìnrin mìíràn dé pẹ̀lú àrọ onírin, ó kó ẹ̀yinná ìyá alákàrà sínú rẹ̀, ó da èédú lé e, ó tẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo sí i. Oṣù Kẹfà ni, àgbàdo tútù ti dé. Ó ń ta bọ̀ọ̀lì, ẹ̀pà àti àgbàdo sísun títí di aago márùn-ún, tí òjò ò bá lé e. Òun náà gbálẹ̀ kó tó lọ. Kí a tó ki ìrun alẹ́ ni màlámù onísùyà ti gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀, ó ń to ẹran olóyàájì yí iná ká.

Ibi kan ṣoṣo, àga ibẹ̀ kò tó mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́ta ló sì ń jẹ ẹ́ lóòjọ́. Bàbá onílé tó ni fẹ́ǹsì náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gba owó lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn. Àkàrà márùn-ún ní gbogbo Sátidé ni ìyá alákàrà fi ń kí i, màlámù sì máa ń gbé ẹran tí kò lóyàájì fún un nítorí inú rẹ̀. Mo bi bàbá náà kí ló dé tí kò gba owó. Ó ní, "Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, àwọn olè ò ní dúró níbẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbéèrè tí mo ń béèrè ni kò dáa. "Níbo ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ?" kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó mọ Bódìjà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń béèrè agogo.

Lọ́jọ́ kẹta, ní aago méjìlá kú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo padà lọ bá ìyá tó ní àmàlà ti lọ sùn. Kò dà bí ibi tí mo rí lọ́jọ́ Ajé mọ́. Mọ́tò ti gba ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín bíríkìlà méjì tí sìmẹ́ǹtì ṣì wà lápá wọn. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti rí púlọ́ńbà mi, tó ti ní òun ń lọ ra ẹ̀yà ara páìpù kan ní ọjà, tó ń fi ìka lá ewédú. A wo ara wa. Ó ní, "Sà, ẹ wá jẹun." Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹran lẹ máa kọ́kọ́ yàn níbẹ̀, lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó dúró ti ìkòkò ńlá, tó sì mọ gbogbo ẹran lórúkọ: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́, ògúnfe, bọ̀kọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa gbé abọ́ yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bu àmàlà, tó ń fi abọ́ kékeré bu ú kó lè rí roboto, kí ó tó kan ìyá fúnra rẹ̀ tó jókòó ti ọbẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó ń bu ọbẹ̀. Gbẹ̀gìrì ló ń kọ́kọ́ dà, ó tẹ̀lé e pẹ̀lú ewédú, ó wá fi ọbẹ̀ ata pupa pọ́n ọn lójú. Àbùlà nìyẹn. Ó sì máa ń wo ojú ẹni kó tó bù ú, ó bu ọbẹ̀ ata díẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ní ẹ̀ ń jẹ ata, ẹ ò jẹ ẹ́."

Àmàlà náà dúdú, kò dúdú jù. Ó rọ̀, àmọ́ tí ẹ bá bu òkèlè, ó dúró. Ohun tí mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà ni pé wọn kì í ro gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ilé, ọkùnrin kan tó ní apá bíi ti ẹni tó ń gbé ìjàkadì ni ó ń rò ó, ìkòkò kan tẹ̀lé òmíràn, omi á hó, yóò da èlùbọ́ sí i, yóò gbá omorogùn mú, yóò rò ó kí kókó má baà wà nínú rẹ̀, yóò wọ́n omi díẹ̀ sí i, yóò dé e kó jinná. Bí ìkòkò kan bá ti ń lọ sílẹ̀ níwájú ni wọ́n ń kígbe sẹ́yìn. Nítorí náà, kò sí àmàlà tó pẹ́ jù lórí tábìlì. Nígbà tó bá di bí aago méjì ààbọ̀, ìyá náà á kígbe pé, "Ó tó o!" Ìkòkò tó kù nìyẹn, kò tún sí òmíràn.

Mo bi í ìdí tí kò fi tà á títí di alẹ́, níwọ̀n bí èèyàn ti ń wá. Ó ní ohun méjì. Ìkíní ni pé gbẹ̀gìrì kì í pẹ́. Aago mẹ́rin òru ló ti ń gbé ẹ̀wà kaná, tí a bá sì fi sílẹ̀ láìsí lórí iná nínú ooru báyìí, kò ní pẹ́ kan. Ìkejì, ó rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́: "Àmàlà alẹ́, ilé ni ọkùnrin ti ń jẹ ẹ́. Èmi ò lè máa bá ìyàwó onílé du ọkọ."

Ní àdúgbò yìí kan náà ni ilé àmàlà tó lókìkí jù wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Àmàlà Skye. Ará Èkó tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa rò pé ojú ọ̀run ni wọ́n fi sọ ọ́. Báǹkì Skye tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe ibẹ̀, títí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018 ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye, tí wọ́n sì kó iṣẹ́ rẹ̀ fún báǹkì tuntun tí wọ́n ń pè ní Polaris. Pátákó ti yí padà, kò sí Skye mọ́ ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ pé òun ń lọ jẹ Àmàlà Polaris. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, mo dúró lórí ìlà pẹ́, mo jẹ ẹ́, ó dára. Mi ò ní sọ pé ó dára ju ti ìyá tòsí wa, nítorí pé mo ṣì fẹ́ máa gbé àdúgbò náà.

Ọjọ́ kẹrin ni nǹkan bàjẹ́. Mo ní ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà títí di aago mẹ́ta, nígbà tí mo sì jáde, ìyá alámàlà wa ti kígbe "ó tó". Mo lọ sí ibòmíràn tí mi ò jẹun rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Aago mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo kọ sínú ìwé. Wọ́n bu gbẹ̀gìrì láti inú kúlà, kì í ṣe láti orí iná. Mo rí i pé ó ń hó wúruwùru díẹ̀ létí, mo rò pé gbígbóná ló gbóná. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n so ó le, mo gbé e délé, a ò sì jẹ ẹ́ títí di aago méje alẹ́, nígbà tí ìyàwó mi ń múra iṣẹ́. Ó tọ́ ọ wò, ó ní kí a dà á nù. Àmọ́ Kẹ́hìndé ti jẹ òkèlè mẹ́rin.

Ó bì lóru, ó sì yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìyá rẹ̀ ń pè mí láti ibi iṣẹ́ ní gbogbo wákàtí, ó ń sọ bí n ṣe máa po ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, inú pákẹ́ẹ̀tì àti bí n ṣe máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti ń béèrè bọ̀ọ̀lì. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá alámàlà, mo fẹ́ kó bá mi bú ẹni tó tà á. Kò bú u. Ìbéèrè ló ń bi mí: Ṣé ẹ tú ọ̀rá nígbà tí ẹ délé? Rárá. Ṣé ẹ tún un gbé kaná kí ẹ tó jẹ ẹ́? A ò ní ilé ìdáná. Wákàtí mélòó ló lò nínú ọ̀rá? Mẹ́ta lé. Ó ní, "Ẹni tó bù ú láti inú kúlà jẹ̀bi. Ẹni tó so ó pa sínú ọ̀rá fún wákàtí mẹ́ta náà ò mọ́wọ́." Inú mi ò dùn sí ìdájọ́ yẹn, àmọ́ mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, a ò tún gbé gbẹ̀gìrì wálé. A máa ń lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀ ni.

Sọ́ńdè ló le jù. Ìyá alákàrà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá alámàlà kì í tà lọ́jọ́ náà, ọ̀gbẹ́ni púlọ́ńbà ò wá. A lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́bàá títì ńlá. Ìrẹsì, adìyẹ, owó gọbọi. Kò sí ohun tí n fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi ti dé láti ọjọ́ Sátidé. Wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n yìn ín. Wọ́n jẹ àmàlà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ohun dúdú ò lè jẹ́ oúnjẹ èèyàn lójoojúmọ́. Ìkọ́kọ́rẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Mo beere ní gbogbo ibi tí mo ti mọ̀. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní, "Kí nìyẹn?" Màlámù rò pé mo ń pe orúkọ èèyàn. Ní gbogbo oúnjẹ tó wà ní àdúgbò náà, a ò rí ohun tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú àfi gààrí. Wọ́n ní, "Ẹ gbé mi lọ sọ́jà, ọkọ ọmọ mi."

Ọjà Bódìjà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ pẹ̀lú bàtà tó dáa nínú òjò. Apá kan pákó, apá kan ẹ̀wà àti àgbàdo tó ti Òkè Ọya wá, iṣu tó gorí ara wọn bí igi ìdáná. Ìyá wa ń fi èékánná ha ewùrà wò ní ìdí, wọ́n ń jù ú sílẹ̀, wọ́n ń gbé òmíràn. Mo dúró dè wọ́n níwájú obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́, ará Ṣakí, a sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Iṣu ni wọ́n ń bó, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbọdọ̀ jinná, wọ́n á fi í sínú omi náà di ọjọ́ kejì, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi le bí òkúta, kí wọ́n tó gbé e lọ fún ẹ̀rọ. Ó ní èyí tí wọ́n sá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dáa jù, nítorí oòrùn gbẹ ẹ́ dénú. Èyí tí òjò bá rọ̀ lé lórí, inú rẹ̀ á ṣì tutù, á bu, àmàlà rẹ̀ á sì korò. Ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi eyín àárín jẹ ẹ́: tó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, iyanrìn wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Mo bi í bó ṣe ń dúdú. Ó ní, "Omi gbígbóná ló ń fi àwọ̀ rẹ̀ hàn. Èyí tí kò dúdú rárá, làfún ni, pákí nìyẹn." Lẹ́yìn tí mo ti jẹ àmàlà láti kékeré, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí kí ẹnì kan tó sọ fún mi.

Ewùrà méjì la rà. Àmọ́ níbo la ó ti sè é? Ẹ̀yìn ilé wa kún fún iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì. Ìyá wa ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n gbé ewùrà lọ sí ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn tí ìyá alákàrà ti palẹ̀ mọ́, kí ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó dé, wọ́n sì ní kó fún wọn ní ẹ̀yinná rẹ̀ fún wákàtí kan. Ìyá alákàrà kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá ọ̀hún ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá," ó sì dúró wò wọ́n.

Wọ́n rin ewùrà sínú abọ́, ó ń fà bí ọ̀gbọ̀lọ̀. Epo pupa, ata, ẹja gbígbẹ, edé, ìrú, gbogbo rẹ̀ ti ń hó nínú ìkòkò. Wọ́n ń fi ọwọ́ gé e sínú ọbẹ̀ náà wẹ́wẹ́, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣíbí kàn án. Ìyá alákàrà na ọwọ́ láti rò ó, wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò: "Ẹ má rò ó! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dì." Nígbà tó dì tán ni wọ́n tó rọra yí i pa dà, kó lè rí kókókókó. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì dé bá wọn níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́, inú ń bí i. Wọ́n bu díẹ̀ fún un nínú ọmọrí ìkòkò. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó rántí pé inú ń bí òun. Ìyá wa bu abọ́ kan fún ìyá alákàrà kó gbé e lọ sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀, abọ́ wa aláwọ̀ ewé tó ní ìdérí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kò gùn. Wọ́n ti tún páìpù ṣe lọ́jọ́ karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, táìlì ni a fi ń wá, irú èyí tó bá ti àtijọ́ mu, wọn ò sì rí i. Lọ́jọ́ kẹwàá mo ní kí wọ́n fi èyíkéyìí sí i. Apá kan ilẹ̀ náà funfun báyìí, apá kan jẹ́ àwọ̀ eérú. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, ìyàwó mi gbé gáàsì wọlé, ó sì nu síǹkì náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ṣírò ìwé ìnáwó náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A ná ju iye tí à bá ná nílé lọ, kò sì kéré. Àmọ́ nígbà tí mo yọ owó Sọ́ńdè kúrò nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ náà já wálẹ̀ débi pé ìyàwó mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣírò fúnra rẹ̀.

Àárọ̀ Ẹtì, ó ti gbé ògì kaná, ó sì ń wá ẹyin. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan ń kan géètì. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó wọ aṣọ ilé ìwé, ó gbé abọ́ wa aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Màmá mi ní kí n béèrè pé ṣé kò sí nǹkan o, pé àwọn ti ya tiyín sọ́tọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì wá."

Àkàrà ogún wà nínú abọ́ náà, ó ṣì gbóná. Ìyàwó mi wo ìkòkò ògì, ó wò mí. Ó lọ mú owó wá, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní, "Sọ fún Màmá pé kò sí nǹkan, a dúpẹ́ o. Láti ọ̀la lọ, mẹ́wàá ni kí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fún wa." Ìyá wa pe ọmọ náà padà kó tó dé géètì, wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó ewùrà tó kù sínú rẹ̀, wọ́n sì tún gbé e lé e lọ́wọ́.